Tagalog àti Danish: Níbo Ni Wọ́n Ti Ń Sọ Wọ́n?

Gbèsè ni mo fẹ́ fi àpilẹ̀kọ yìí san. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, àǹtí tó ń kọ́ wa ní Jọ́gíráfì kọ orúkọ èdè méjì sójú pátákó, Tagalog àti Danish, ó ní kí ẹni tó bá mọ̀ sọ èyí tí àwọn tó ń sọ ọ́ pọ̀ jù. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Mo ní Danish ni. Àǹtí bi mí pé kí ló dé tí mo fi rò bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Torí pé èdè òyìnbó ni, mà." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kì í kúkú ṣe pé àwọn tó ń rẹ́rìn-ín mọ ìdáhùn. Ẹni tó jókòó tì mí gan-an rò pé orúkọ ọṣẹ ni Tagalog. Àǹtí ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní kí n lọ wádìí, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí sára ògiri yìí. Mo ti lọ, mo ti bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi iye èèyàn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣubú. Gbogbo èèyàn tó wà ní Denmark kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 lọ. Ìpínlẹ̀ Èkó nìkan pọ̀ jù wọ́n lọ. Ní Philippines, ìkànìyàn ọdún 2020 fi hàn pé wọ́n ti tó mílíọ̀nù 109. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo wọn ló gbọ́ Tagalog lẹ́nu ìyá wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìkànìyàn yẹn kan náà, bí a bá kó ìdílé mẹ́wàá jọ, nǹkan bíi mẹ́rin ló ń sọ Tagalog nínú ilé. Àwọn yòókù tó ń sọ èdè mìíràn nílé ń gbọ́ ọ níléèwé, lórí tẹlifíṣọ̀n àti nínú fíìmù. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: gbogbo àwọn tó ń sọ Danish láyé yìí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún àwọn tó ń fi Tagalog sọ̀rọ̀ nílé nìkan. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì.

Níbo wá ni Tagalog ti ṣẹ̀? Philippines wà ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà, erékùṣù tó wà níbẹ̀ sì lé ní 7,000. Luzon tó wà lápá àríwá ló tóbi jù. Àárín gbùngbùn Luzon yìí ni ilé Tagalog: Manila tí í ṣe olú-ìlú, Bulacan, Laguna, Cavite, Batangas, títí dé erékùṣù Mindoro àti Marinduque. Ohun tí àwọn onímọ̀ sọ nípa orúkọ rẹ̀ ni pé ó wá láti ara "taga-ilog". "Taga" ni ará ibì kan, "ilog" ni odò. Ará odò, àbí ọmọ etí odò. Ẹnu odò tí wọ́n ń pè ní Pasig ni Manila náà wà.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé èdè tó wà ní Philippines ju 170 lọ. Àwọn ará Cebu ń sọ Cebuano, àwọn tó wà lókè àríwá Luzon ń sọ Ilocano. Hiligaynon wà, Waray wà, Bikol wà. Ẹni tó ń sọ Tagalog kò ní gbọ́ Ilocano bí kò bá kọ́ ọ. Báwo wá ni Tagalog ṣe borí? Ìjọba ló gbé e ga. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1937, Ààrẹ Manuel Quezon kéde pé Tagalog ni wọn yóò fi ṣe ìpìlẹ̀ èdè orílẹ̀-èdè wọn. Ní 1959 wọ́n yí orúkọ èdè orílẹ̀-èdè náà padà sí Pilipino, kó má bàa dà bíi pé ti ẹ̀yà kan ṣoṣo ni. Nínú ìwé òfin ọdún 1987, ó tún di Filipino. Orúkọ ń yí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ Tagalog gbọ́ Filipino. Àwọn kan ní Cebu ṣì ń bínú sí ọ̀rọ̀ yìí dòní. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹ fojú inú wò ó kí ìjọba wa sọ Yorùbá lórúkọ mìíràn, kó pè é ní "Èdè Nàìjíríà", kó wá ní kí gbogbo ọmọ iléèwé máa kọ́ ọ. Inú tiwa lè dùn. Ẹ bi àwọn ọ̀rẹ́ wa tó jẹ́ Ìgbò àti Hausa bóyá inú tiwọn náà yóò dùn.

Sípéènì jẹ gàba lé Philippines lórí láti 1565, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Lẹ́yìn náà Amẹ́ríkà gbà á ní 1898, wọn ò sì gba òmìnira títí di 1946. Àwọn ará Sípéènì lọ, èdè wọn ò di ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kún inú Tagalog bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Tábìlì ni "mesa", fèrèsé ni "bintana", bàtà ni "sapatos", ṣíbí ni "kutsara". "Kumusta" tí wọ́n fi ń kí ara wọn, ará Sípéènì ló ni í. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ sínú iléèwé, ó sì wà níbẹ̀ títí di báyìí.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ kan tó dùn mọ́ mi gan-an. Bí ọmọdé bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ní Tagalog, ó gbọ́dọ̀ fi "po" sí i. "Salamat" ni o ṣé. "Salamat po" ni ẹ ṣé. "Oo" ni bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ àgbà lo ń dá lóhùn, "opo" ni. Wọn kì í sì í dédé pe ẹ̀gbọ́n lórúkọ: "kuya" ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, "ate" ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, kódà bí kì í bá ṣe ọmọ ìyá wọn. Nígbà tí mo ka èyí fún màmá mi, wọ́n ní, "Ilé rere ni wọ́n ti tọ́ wọn." Ẹ wá gbọ́ ti Denmark: akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́ lórúkọ àbísọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ kan wà nínú Danish, "De", tó jọ "ẹ" tiwa, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́nu wọn. "Du" ni wọ́n ń pe ọmọdé àti àgbà. Àǹtí, ẹ má bínú, mi ò ní dán an wò.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Denmark. Lórí máàpù, ilẹ̀ kan nà jáde lókè Jámánì bí àtàǹpàkò, Jylland ni wọ́n ń pè é. Erékùṣù ló kù. Copenhagen, olú-ìlú wọn, wà lórí Sjælland. Fyn wà láàárín. Bornholm dá wà níta nínú òkun Baltic. Àwọn erékùṣù wọn ju 400 lọ. Ibí yìí ni mo ti ṣàkíyèsí pé orílẹ̀-èdè onígbèéríko omi ni àwọn méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé omi pín èdè Philippines sí wẹ́wẹ́, nígbà tí Denmark kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èdè kan ṣoṣo fi kárí rẹ̀.

Danish, Swedish àti Norwegian, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Denmark ló ń ṣàkóso Norway títí di 1814, ara Danish sì ni irú ìkọ̀wé tí ọ̀pọ̀ ará Norway ń lò títí dòní ti wá. Ará Norway lè mú ìwé ìròyìn Danish kó kà á láìfarapa. Kó wá gbọ́ ọ lẹ́nu ni iṣẹ́! Wọ́n ní àwọn ará Denmark máa ń gbé ìdajì ọ̀rọ̀ mì.

Ibòmíràn wo ni wọ́n tún ti ń sọ ọ́? Ní gúúsù, ó wọ inú Jámánì. Denmark àti àwọn ará Jámánì jagun ní 1864, Denmark pàdánù ilẹ̀. Ní 1920, wọ́n ní kí àwọn tó ń gbé àgbègbè náà dìbò láti yan ibi tí wọ́n fẹ́ wà. Apá àríwá yan Denmark, apá gúúsù yan Jámánì. Títí di òní, nǹkan bíi 50,000 èèyàn tó ka ara wọn sí ará Denmark ló wà níhà Jámánì, ní ìlú Flensburg àti agbègbè rẹ̀. Wọ́n ní iléèwé tiwọn tí wọ́n ti ń fi Danish kọ́ ọmọ, wọ́n sì ní ìwé ìròyìn ojoojúmọ́, Flensborg Avis. Àwa náà mọ irú ọ̀rọ̀ ẹnubodè báyìí: àwọn ará Kétu àti Ṣakẹ́tẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Benin ni wọ́n wà, torí pé Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà ní 1889. Ẹnikẹ́ni ò ní kí tiwa dìbò.

Erékùṣù Faroe tún wà, méjìdínlógún ni wọ́n. Èdè tiwọn ni wọ́n ń sọ nílé, wọ́n ń kọ́ Danish níléèwé. Iceland náà ń kọ́ Danish fún àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1944 ló ti di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba. Greenland wá ni ìyàlẹ́nu. Erékùṣù tó tóbi jù láyé ni, ó tó nǹkan bí ìlọ́po àádọ́ta Denmark, ṣùgbọ́n èèyàn ibẹ̀ kò ju bíi 56,000 lọ. Pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ Hans Egede ló mú iṣẹ́ ìjọba Denmark débẹ̀ ní 1721. Láti 2009, èdè Greenland nìkan ni òfin mọ̀ sí èdè ìjọba wọn. Síbẹ̀, ẹ óò gbọ́ Danish dáadáa ní Nuuk tí í ṣe olú-ìlú, ọmọ Greenland tó bá sì fẹ́ lọ ka yunifásítì ní Denmark gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Ẹ ò rí i pé gbogbo ibi tí mo dárúkọ yìí, ọba Denmark ló ti jẹ gàba níbẹ̀ rí? Mo wá béèrè lọ́wọ́ ara mi pé níbi tí wọ́n ti kúrò pátápátá ń kọ́? Ibẹ̀ ni mo ti bá Áfíríkà pàdé. Ní Osu, ní Accra, ilé olódi funfun kan wà létí òkun, Christiansborg lorúkọ rẹ̀. Àwọn ará Denmark ló ni ín títí di 1850 tí wọ́n tà á fún Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba Ghana náà fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti irú ilé olódi báyìí ni àwọn ọkọ̀ Denmark ti ń kó ẹrú gba orí òkun. Nǹkan bíi 100,000 èèyàn ni ọkọ̀ wọn kó. Erékùṣù mẹ́ta ní Caribbean ni wọ́n ń kó púpọ̀ nínú wọn lọ: St. Croix, St. Thomas àti St. John. Ní 1917, Denmark ta erékùṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún Amẹ́ríkà ní mílíọ̀nù 25 dọ́là.

Ta ló ń sọ Danish ní Osu lónìí? Kò sí. Àwọn ìdílé kan níbẹ̀ ṣì ń jẹ́ Quist, wọ́n ń jẹ́ Lutterodt, orúkọ tó ṣẹ́kù láti ayé ìgbà náà, ṣùgbọ́n Ga àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ní St. Croix, àwọn ìlú ń jẹ́ Christiansted àti Frederiksted. Ní St. Thomas, ẹ óò rí òpópónà tó ń jẹ́ Dronningens Gade. "Gade" ni òpópónà lédè Danish. Àwọn tó ń rìn lórí òpópónà náà ò gbọ́ Danish. Àwọn ẹrú ibẹ̀ kò kọ́ ọ rárá. Èdè tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ ti àwọn Dutch ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ, nígbà tó yá ó di Gẹ̀ẹ́sì. Danish wà lára ògiri, kò sí lẹ́nu.

Ẹ wá fi wé ti Tagalog. Philippines kò gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kò ní ilé olódi ní ìlú onílùú. Ṣùgbọ́n láti 1974, nígbà ayé Ààrẹ Marcos, ìjọba wọn fi òfin ṣètò bí òṣìṣẹ́ yóò ṣe máa lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun, torí pé iṣẹ́ kò tó nílé. Wọ́n lọ sí Saudi Arabia, Kuwait, Qatar, Dubai, Singapore, Hong Kong, Ítálì, Kánádà. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé lọ́dọọdún ti ju bílíọ̀nù 30 dọ́là lọ. Ní Hong Kong, ọjọ́ Sunday ni ọjọ́ ìsinmi àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ilé. Tó bá dọjọ́ náà, wọ́n á tẹ́ páálí sílẹ̀ láàárín ìlú, lábẹ́ àwọn ilé ńláńlá tó jẹ́ ti báǹkì, wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹun, wọ́n á máa sọ èdè wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń sọ Tagalog nínú ilé ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ. (Kì í ṣe gbogbo ará Philippines ló ń sọ Tagalog lẹ́yìn odi o. Ní Hawaii, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ Ilocano, torí àwọn ni wọ́n kó lọ sí oko ìrèké níbẹ̀ láyé ọjọ́un.) Ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ará India, ará Philippines àti ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn àjèjì tó pọ̀ jù. Ó ṣeé ṣe kí àǹtí ẹnìkan nínú wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ti mọ "salamat" kí n tó kọ ọ́ síbí.

Ohun tó dà mí láàmú jù nínú gbogbo ìwádìí yìí nìyí. Mo rò pé bí mo bá ti mọ iye èèyàn, ọ̀rọ̀ parí: Tagalog borí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Denmark, adájọ́ ń fi Danish dájọ́, àwọn aṣòfin ń fi Danish ṣòfin, dókítà ń fi Danish kọ ohun tó ń ṣe aláìsàn, ọmọ ń fi Danish kọ́ ìṣirò láti kékeré títí tó fi jáde níléèwé girama. Mílíọ̀nù 6 péré! Ní Philippines, ìwé òfin 1987 fi Filipino àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè ìjọba, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn fi ń kọ ìdájọ́. Ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ lè jẹ́ ọmọ Batangas tí Tagalog rẹ̀ dán mọ́rán, ìwé tó máa gbé e lọ sẹ́wọ̀n wà ní èdè mìíràn. Ní 2013, wọ́n ṣòfin pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé. Ní 2024, òfin mìíràn dé, ó ní kì í ṣe dandan mọ́. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo rántí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, níbi tí ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì ti ń san náírà mẹ́wàá. Mo san án lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan. Owó gúgúrú mi ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ má tíì lọ. Mo rí ohun kan nínú Danish tó jẹ́ kí n pariwo nínú yàrá ìkàwé. Ogún-ogún ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà wọn láti àádọ́ta lọ sókè, bíi tiwa! 60 ni "tres", ìyẹn ogún mẹ́ta. Àwa náà ní ọgọ́ta. 80 ni "firs", ogún mẹ́rin. Àwa ní ọgọ́rin. 50 wá ńkọ́? "Halvtreds" ni, ohun tó sì túmọ̀ sí ni pé ogún kẹta kò pé, ìdajì rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àwa ní àádọ́ta, ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta. Àwọn méjèèjì ń wo 60 kí wọ́n tó pe 50! Bẹ́ẹ̀ náà ni 70 àti 90: "halvfjerds" àti "halvfems", àádọ́rin àti àádọ́rùn-ún. Kò túmọ̀ sí pé a bá wọn tan. Wọ́n ní àwọn ọmọ Sweden tó wà nítòsí wọn gan-an máa ń ṣìnà síbi àwọn nọ́ńbà yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kíka nọ́ńbà Yorùbá le jù, ẹ ti rí i pé a ní ẹgbẹ́.

Tagalog ní tiẹ̀ ní ìbátan nílẹ̀ Áfíríkà. "Lima" ni wọ́n ń pe márùn-ún. Ní Malaysia, "lima" náà ni. Ní Madagascar, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Áfíríkà wa níbí, "dimy" ni wọ́n ń pè é. Àwọn arìnrìn-àjò orí omi ló gbé èdè yẹn láti Éṣíà dé Madagascar, ọ̀pọ̀ ọdún kí òyìnbó kankan tó mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ó ku ibì kan tí mi ò tíì dárúkọ, ibẹ̀ ni èdè méjèèjì ti ń pàdé. Gbogbo wa la ti rí tírélà tó gbé kọ̀ntẹ́nà tí wọ́n kọ MAERSK sí lára bọ̀ láti Àpápá. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1904 ni, Copenhagen ni orí rẹ̀ wà. Àwọn atukọ̀ tó pọ̀ nínú ọkọ̀ òkun káàkiri ayé, ará Philippines ni wọ́n, wọ́n sì wà nínú ọkọ̀ Maersk náà. Nítorí náà, nínú ọkọ̀ tó gbé kọ̀ntẹ́nà yẹn wá, ọ̀gá lè jẹ́ ọmọ Denmark, ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe nísàlẹ̀ lè jẹ́ ọmọ Luzon. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún ara wọn. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí tí oúnjẹ bá délẹ̀ ni kálukú tó ń padà sí èdè rẹ̀.

Máàpù tí mo fọwọ́ yà wà nísàlẹ̀ ìwé yìí. Pupa ni Danish, búlúù ni Tagalog. Osu àti St. Croix, mo kàn fi pẹ́ńsù yí wọn ká lásán ni.